Orí Keje: Ìwé Ìtàn Ìgbésí Ayé Ara Ẹni, àti Bí Òpìtàn Ṣe Ń Gba Ẹ̀rí Lẹ́nu Rẹ̀

Ní ọjọ́ 22 nínú Oṣù Kejì ọdún 1837, ní Fourah Bay lẹ́bàá ìlú Freetown ní Sàró, ọkùnrin kan tí a bí ní Òṣoògùn, tí ogun kó, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi, jókòó láti kọ ìwé sí àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìjíhìnrere C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ròyìn bí ó ṣe di ẹrú. Ọkùnrin náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tí yóò di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò sì wà nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, olùkọ́ ilé-ìwé ni, kò tíì di àlùfáà, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń kọ ti lé ní ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìwé yìí ti jáde ni àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fà á yọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó lẹ́rú pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí kálámù mú láti fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn rí kò tó nǹkan. Joseph Wright ọmọ Ẹ̀gbá wà lára wọn. Oṣífẹ̀kúndé ọmọ Ìjẹ̀bú sì wà, òun tí ó sọ tirẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, d'Avezac, tí ẹni náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. Bí a bá sọ pé a kò ní gba ẹ̀rí irú àwọn wọ̀nyí nítorí pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sọ, kí ni yóò kù fún wa bí kò ṣe ìwé owó àwọn tí ó tà wọ́n? Bí a bá sì sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n wí ni a gbà láìwádìí, a ti di ẹni tí àwọn baba wa ń bá wí nígbà tí wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a bá fi irú ìwé báyìí lé wọn lọ́wọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: ṣé òtítọ́ ni tàbí irọ́? Ìbéèrè náà tóbi jù, nítorí náà kò lè mú ohunkóhun wá. Odidi ìwé kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ òtítọ́. Gbólóhùn inú rẹ̀ ni ó ń ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ní orísun tirẹ̀. Lójú ewé kan náà, ènìyàn lè kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un, ohun tí ó kà nínú ìwé ìròyìn, ohun tí ó rò nígbà náà àti ohun tí ó ń rò nísinsìnyí tí ó ń kọ ọ́, kí ó sì fi ohùn kan náà sọ gbogbo wọn. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti tú wọn ká. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ ọ nìyẹn, ìwé Crowther ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

*Ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá*

Crowther kọ ọ́ pé ó jọ lójú òun pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun dé. Pé nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, nígbà tí àwọn ará ilé ń se oúnjẹ àárọ̀ láìfura. Pé ọgbà igi tí ó yí ìlú náà ká tó máìlì mẹ́rin. Pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó 12,000, èyí tí ó lè mú jagunjagun 3,000 jáde. Gbólóhùn mẹ́rin nìyí, ó sì dára kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ọmọ Òṣoògùn ní àkókò ọba Ọ̀yọ́ ilé kò mọ ohun tí ń jẹ́ aago mẹ́sàn-án. Ohun tí ó mọ̀ ni pé oòrùn ti yọ, ìkòkò wà lórí iná, ebi sì ti ń pa òun. Ìkòkò tí ó wà lórí iná ni ìrántí. Aago mẹ́sàn-án jẹ́ ìtumọ̀ tí olùkọ́ ilé-ìwé Fourah Bay fún ìrántí náà, kí ó lè yé ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún 1821: òun fúnra rẹ̀ kò fi dáni lójú, ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀ ni, a sì gbọ́dọ̀ yin ẹni tí ó bá fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ hàn wá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa 12,000? Kò sí ọmọdé, kódà kò sí àgbàlagbà, tí ó lè dúró ní àárín ìlú kí ó ka ènìyàn ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ìṣirò àgbàlagbà ni èyí, tí ó ti ìrántí bí ìlú ṣe tóbi tó lójú ọmọdé wá, a sì mọ̀ pé ohun gbogbo ni ó ń tóbi lójú ọmọdé. Òpìtàn tí ó bá gbé 12,000 náà sínú ìwé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí a kà ti ṣi Crowther lò. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé ìlú ńlá tí a mọ odi igi yí ká ni Òṣoògùn ní ojú ọmọ rẹ̀ ni ó lò ó bí ó ti yẹ.

Níbòmíràn, ìwé náà ń sọ ohun tí ènìyàn kò lè fi ẹlòmíràn ṣe àwòkọ rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin ìdánwò ni, kò sì tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn nígbà tí ó yá, wọ́n dá a padà, òun náà sì padà sọ́dọ̀ ìjòyè tí ó kọ́kọ́ ni òun. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí kò bu ọlá kún ẹnikẹ́ni, kò sì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà rere kan. Ohun tí ó gbé e dé inú ìwé ni pé ó ṣẹlẹ̀, ó sì dun ọmọ náà débi pé kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó sì tún sọ nǹkan kan fún wa nípa ọrọ̀ ajé ìgbà náà tí ìwé àwọn olówò kò sọ: pé bí a ti ń yẹ eyín ẹṣin wò kí a tó gbà á, tí a sì lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe ọmọ ènìyàn.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí ó kọ nípa ìgbà tí wọ́n gbé wọn wọ inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn rí ẹran tí a so rọ̀, awọ rẹ̀ funfun. Àwọn sì rí ọta àgbá tí a tò jọ sórí ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n gbà pé ẹran ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni a so rọ̀ yẹn, pé orí àwọn tí a ti pa ni a sì tò jọ, títí tí wọ́n fi sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹsẹ̀ ẹran náà pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n sì rí i pé irin ni ohun tí wọ́n pè ní orí. Rò ó wò, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti di olùkọ́, ó ti di Kristẹni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń kọ ọ́ sí, àwọn tí ó gbà pé wọ́n gba òun là. Kò sì sí èrè kan fún un nínú pé kí ó sọ pé òun ti fìgbà kan rò pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n. Bí ó ti sọ ọ́ yẹn, èrò ọkàn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ní ọdún 1822 ni ó gbé lé wa lọ́wọ́ láìtún un ṣe. Níbi tí ẹlẹ́rìí bá ti sọ ohun tí kò gbè é, tí kò sì gbe ẹni tí yóò kà á, níbẹ̀ ni kí òpìtàn ti fi etí sílẹ̀ jùlọ.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ní gbólóhùn tí kò lè jẹ́rìí sí ọdún 1821 rárá. Ó ní ọjọ́ tí ogun kó òun jẹ́ ọjọ́ ibi, ṣùgbọ́n pé a ti kọ́ òun nísinsìnyí láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ọlọ́run yàn láti mú òun jáde lọ sí ibi tí a ti ń wàásù ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ yìí ti inú ọkàn wá, ẹni tí ó sì bá fi ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ohun tí ìgbàgbọ́ ń ṣe nínú ẹni tí ayé ti fìyà jẹ. Síbẹ̀, Crowther ti 1837 ni ó ni ín. Ọmọ tí a fi okùn so mọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ́nà Ìsẹ́yìn kò rí ìbùkún kankan níbẹ̀. Òun kan náà ni ó sì jẹ́wọ́ fún wa pé ìrònú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun fún ara òun lọ́rùn ní àwọn òru kan lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, bí o bá ń kọ ìtàn ogun tí ó fọ́ Òṣoògùn, fi gbólóhùn ìbùkún náà sílẹ̀. Bí o bá sì ń kọ ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ṣe yí ìrònú àwọn ọmọ Yorùbá ti Sàró padà, kò sí ẹ̀rí tí ó dára jù ú lọ.

*Ohun tí ẹnu kò sọ*

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tí ń kọ ìtàn ara rẹ̀ a máa wo ojú ẹni tí yóò kà á, kò sì sí bí kò ṣe ní gbé apá kan sókè kí ó sì bo apá kan mọ́lẹ̀. Crowther ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ìjíhìnrere, kò sì mú wa dé inú ilé baba rẹ̀ láti mọ òrìṣà tí wọ́n ń bọ tàbí bí wọ́n ṣe ń dífá. Bí ẹnì kan bá wá ti inú ìdákẹ́jẹ́ yìí parí èrò pé kò sí ìsìn pàtàkì nílé náà, ó ti fi àìsọ ṣe àìsí. Kí a máa bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìwé pé ta ni ó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́, ta ni o ń bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ẹni náà kò fẹ́ gbọ́?

*Ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí*

Lẹ́yìn tí a bá ti tú gbólóhùn ká, ó kù kí a wá ẹni tí yóò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ láti ibòmíràn. Ẹlẹ́rìí tí ó dára jù ni èyí tí kò mọ̀ pé a ó wá bèèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ òun: ìwé orúkọ inú ọkọ̀, ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé-ẹjọ́, ìwé gbèsè. Ìwé irú èyí wà fún Crowther. Ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó gbé e kúrò ní Èkó ń jẹ́ Esperança Felix. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon, tí Henry John Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, wà lára àwọn tí ó mú un ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin 1822. Crowther sọ pé ọkọ̀ ogun náà gbé àwọn kiri etíkun fún bí oṣù méjì ààbọ̀ kí ó tó sọ àwọn kalẹ̀ ní Sàró ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà. Kà á: ọjọ́ 71 ni. Ìrántí ọkùnrin náà àti ìwé àwọn atukọ̀ pàdé.

Kí a má sì jẹ́ kí ìpàdé yìí tàn wá jẹ. Ọmọ tí ó wà nínú ọkọ̀ kò mọ ọjọ́ oṣù Gẹ̀ẹ́sì. Ní Freetown, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé ìjọba, ni ó ti ní láti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìwé ni ó ti mú ọjọ́ náà, a jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a ní tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àìmọye òpìtàn ni ó ti kọsẹ̀ níbí: wọ́n rí ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu, wọn kò bèèrè bóyá èkejì ka èkíní.

Ìwé ìjọba náà kò sì mọ́ tónítóní. Akọ̀wé Freetown ń kọ orúkọ Yorùbá bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, ó ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí, àwọn atukọ̀ ogun sì ń gba owó lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tú sílẹ̀, nítorí náà iye ènìyàn tí wọ́n kọ jẹ́ ohun tí owó wọn wà nínú rẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Ìwé tí a tẹ òǹtẹ̀ ìjọba sí kò ju ìwé tí ẹrú kọ lọ àfi níbi tí ó bá ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ.

Àǹfààní ńlá tún wà níbi tí ẹnì kan náà bá ti kọ nǹkan ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn bí ọdún 25, Crowther rí ìyá rẹ̀ Àfàlá ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí C.M.S. Ó ní àwọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Pé àwọn jókòó, tí àwọn ń wo ara àwọn. Fi èyí wé ìwé 1837 tí ó gùn, tí ó sì lẹ́wà, ìwọ yóò rí ìyàtọ̀ àárín ohun tí ọjọ́ kò tíì gbọ́n omi sí lára àti ohun tí a ti rò tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyẹn kò ní kí a ju ìwé gígùn nù. Kìkì pé nígbà tí méjèèjì bá ta ko ara wọn lórí ọjọ́, lórí ibi, tàbí lórí ẹni tí ó wà níbẹ̀, ti ojoojúmọ́ ni kí a kọ́kọ́ gbọ́.

*Nígbà tí ìwé àti ìwé bá jà*

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ẹlẹ́rìí méjì máa ń pàdé pẹ̀lú àlàáfíà. Ní 1789, Olaudah Equiano, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí Gustavus Vassa, tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àríyànjiyàn lórí òwò ẹrú ń gbóná ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ní ilẹ̀ Ìgbò ni a bí òun sí ní 1745, níbi tí ó pè ní Essaka, pé wọ́n jí òun gbé ní ọmọdé, pé òun sì la òkun kọjá nínú ọkọ̀ ẹrú. Ìwé náà tà débi pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìbọmi ìjọ St Margaret ní Westminster, ní ọjọ́ 9 Oṣù Kejì 1759, kọ ọ́ pé ọmọ ọdún 12 ni, Carolina ní Amẹ́ríkà ni a sì bí i sí; ìwé orúkọ ọkọ̀ Racehorse, tí ó bá lọ sí ilẹ̀ yìnyín àríwá ní 1773, tún sọ pé South Carolina. Ọ̀jọ̀gbọ́n Vincent Carretta ni ó pe ayé sí ìwé méjèèjì yìí, ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2005. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Lovejoy dìde láti gbèjà ìbí rẹ̀ ní Áfíríkà, ìjà náà kò sì tíì parí.

Má ṣe kánjú gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bi ìwé ìrìbọmi náà ní ìbéèrè tí o bi ìwé Equiano: ta ni ó sọ Carolina fún akọ̀wé ìjọ? Ṣé ọmọ náà ni, tàbí àwọn tí ó mú un wá? Ǹjẹ́ ọmọ tí ó wà lábẹ́ ọ̀gá lè sọ ohun tí ọ̀gá kò fẹ́? Ṣùgbọ́n ní 1773 ó ti di àgbàlagbà, ó ti ra ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú, ta ni ó wá sọ South Carolina lórúkọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí wúwo, àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ní ìhà kejì, ọ̀rọ̀ Ìgbò àti àṣà Ìgbò tí ó wà nínú ìwé náà, irú bí ilà ojú àwọn ọlọ́lá, nílò àlàyé lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ pé kò dé ibẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ pé ẹnu àwọn ọmọ Ìgbò tí a kó lẹ́rú ni ó ti gbọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ pé ilé ni ó ti mọ̀ ọ́n. Equiano fúnra rẹ̀ ni ó sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ní St Margaret ni a ti ṣe ìrìbọmi fún òun ní oṣù àti ọdún yẹn; ẹni tí ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́ níbẹ̀ kì í sábà júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ayé.

Èrò tèmi ni pé kò sí ẹ̀rí tí ó tó láti dá ẹjọ́ ibi tí a bí i. Ṣùgbọ́n wo bí ó ti ṣàǹfààní tó pé gbólóhùn ni a ń dá lẹ́jọ́: nígbà tí a gbé ìròyìn rẹ̀ nípa ọdún tí ó lò nínú ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn ọkọ̀ náà, a rí i pé ìrántí rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tí ó bá ju gbogbo ìwé náà nù nítorí ọ̀rọ̀ Essaka ti sọ ẹ̀rí dáradára nípa ìgbésí ayé atukọ̀ dúdú nù. Kódà, bí ó bá hàn lọ́la pé Carolina ni a bí i sí, ojú ewé tí ó fi ṣàpèjúwe inú ọkọ̀ ẹrú yóò di ẹ̀rí oríṣi mìíràn, ẹ̀rí ohun tí àwọn tí ó la òkun kọjá ń sọ fún ara wọn, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

*Ìwé tí ó wọ aṣọ ìtàn ara ẹni*

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan Ṣẹ̀gilọlá níhìn-ín. Láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde, arẹwà àná tí àìsàn àti òṣì ti dé bá, tí ó ń jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ti fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń kọ orin tí àwọn ará Èkó mọ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé kí wọ́n má ṣe bí òun ti ṣe. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà láàyè. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ohun kan níbí: àpèjúwe àdúgbò tí ó péye, ẹkún tí ó wọni lára, ohùn tí ń wí pé èmi, èmi, kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan gbé ayé náà rí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń kọ ìtàn Èkó ìgbà náà, ìwúlò rẹ̀ kò kéré, nítorí pé Thomas kì bá tí rí òǹkàwé tí yóò gba Ṣẹ̀gilọlá gbọ́ bí Èkó inú ìwé náà kò bá jọ Èkó tí wọ́n ń gbé.

*Àwọn ọ̀gágun àti kálámù wọn*

Ìbéèrè ìgbà tí a kọ ìwé ṣe pàtàkì jù nínú ìwé àwọn olórí. Ní 1960 tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ ìtàn ara rẹ̀ jáde, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira ni, ìdààmú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Ọlọ́pẹ, ti 1962 kò tíì dé, ẹ̀wọ̀n kò sì tíì dé. Ní 1985 tí ó tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀nà ẹ̀wọ̀n jáde, ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní 1960 kò mọ bí ìtàn náà yóò ṣe parí, àìmọ̀ yẹn sì ni ó mú kí ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí rere sí ìrètí ìgbà náà. Bákan náà ni ìwé Sàdáúnà Ahmadu Bello ti 1962, tí a kọ láìmọ̀ pé ìfipágbàjọba Oṣù Kìíní 1966 ń bọ̀.

Ti ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni ó le jù. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ipò olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun 3 Marine Commando lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé ní 1969, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ogun parí ní Oṣù Kìíní 1970. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ sínú My Command ní 1980, lẹ́yìn tí ó ti gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Alexander Madiebo, tí ó jẹ́ olórí ọmọ ogun Biafra, tẹ tirẹ̀ jáde. Ìwé Adékúnlé dé ní 2004. Ní 2013 ni Godwin Alabi-Isama, tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Adékúnlé nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà, mú The Tragedy of Victory wá láti ta ko My Command, pẹ̀lú àwòrán àti àwòrán ilẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró sí? Kí ó kọ́kọ́ ya ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tí àwọn tí ń bá ara wọn jà bá jọ gbà sábà máa ń lágbára. Lẹ́yìn náà kí ó wo ibi tí ìjà wọn wà, yóò sì rí i pé kì í ṣe orí ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó pọ̀ sí, orí ẹni tí ìyìn tọ́ sí ni: ta ni ó ṣe ètò tí ó ṣẹ́gun, ta ni ó kàn bá a nílẹ̀, ta ni ó fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò? Ọ̀gágun a máa rí ogun láti orí àwòrán ilẹ̀. Ìròyìn ni ó ń gbọ́ láti iwájú, ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Nítorí náà ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí rere sí àṣẹ tí òun pa àti ìdí tí ó fi pa á. Sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kòtò iwájú ogun, ẹ̀rí ẹni tí ó gbọ́ ni. Àwòrán pàápàá kò yọ nínú èyí: àwòrán fi hàn pé ọkùnrin kan dúró níbì kan, kò fi hàn ohun tí ó pa láṣẹ níbẹ̀. Èyí tí ó sì dùn mí nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí ni bí ohùn ọmọ ogun kékeré, ohùn obìnrin tí ó gbé ọmọ sáré wọ igbó, ohùn ọmọ tí ebi pa, ṣe kéré nínú wọn. Àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ jùlọ ni kò rí ìwé kọ, òpìtàn tí ó bá sì fi ìwé àwọn ọ̀gágun nìkan kọ ìtàn ogun náà yóò kọ ìtàn àríyànjiyàn àwọn ọ̀gágun.

*Iṣẹ́ ṣíṣe*

Wá àgbà kan ní ilé tàbí ní àdúgbò rẹ tí ó ti gbọ́njú ní 1965, kí o sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ròyìn ohun tí ó mọ̀ nípa ìdààmú Wẹ́tìẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìdìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà. Bí oko tàbí abúlé ni ó ti dàgbà, o lè bèèrè nípa ìjà àwọn àgbẹ̀, Àgbẹ́kọ̀yà, ti 1968 sí 1969. Má ṣe já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, má sì ṣe tún un ṣe; kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Nígbà tí o bá délé, tú u sí gbólóhùn, kí o sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó rí i, ó gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, tàbí èrò rẹ̀ ti òní ni. Lẹ́yìn èyí, mú àwọn tí ó ní ọjọ́ àti ibi nínú lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ibi tí a kó Nigerian Tribune, Daily Times àti Ìròhìn Yorùbá àtijọ́ sí, kí o wo èyí tí ó pàdé àti èyí tí kò pàdé, kí o má sì gbàgbé láti bi ìwé ìròyìn náà léèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń gbè. Èyí tí kò bá rí ẹlẹ́rìí kankan, má ṣe pa á rẹ́. Kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí àgbà náà sọ ọ́, ibi tí ó ti sọ ọ́, àti àwọn tí ó jókòó tì í nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀.